Nọ́ńbà Tí A Yí Lẹ́ẹ̀mejì

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni fóònù ọ́fíìsì wa dún. Ó dá mi lójú, nítorí aago ara ògiri ni mo ń wò lọ́wọ́. Mo ń dúró kí ó di aago mẹ́sàn-án kí n tó po tíì. Àǹtí Rónkẹ́ ló gbé fóònù náà, ẹni tó máa ń dán iṣẹ́ wa wò kí ó tó jáde. Ilé àyẹ̀wò kan nítòsí Òṣòdì ló ń pè, ibi tí wọ́n ti ń ya síkáànì inú ara ènìyàn. Ó tẹ́tí, ó ní "ẹ̀ẹ́n," ó tún tẹ́tí. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó sọ fún wa pé àwọn àwòrán tí wọ́n yà láti ọ̀sán àná kò pé. Òkè wọn ń hàn, ìsàlẹ̀ wọn dúdú.

N kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ pé èmi ni mo ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ apá tó ń gba àwòrán wọlé nínú àpótí ìpamọ́ fáìlì tí a gbé fún wọn. Bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè, n kò mọ ibi tí wọ́n máa bi í dé.

Ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá nìyí. Kétu ni ìlú mi. Kì í ṣe Kétu ti Èkó, Kétu tó wà lódìkejì ibodè ni, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ní èdè Faransé, mo sì wá sí Èkó ní ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi ni wọ́n ń sọ níbí, nítorí náà mo rò pé mi ò lọ sí ìlú òkèèrè. Àṣìrò ni. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò mi ní Àìlégùn bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Ìmẹ̀kọ, ìlú tó wà ní ìhà ìhín ibodè, tí ohùn wọn jọ tiwa. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, ìwé ìgbélùú mi ṣì wà láàyè, kò sí ìdí láti purọ́. Nígbà tí ìwé náà kú, irọ́ náà ti di ilé tí mo ń gbé. Oṣù mẹ́rin ni mo ti wà láìní ìwé nígbà tí fóònù yẹn dún.

Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù ní Èkó kì í ṣe èrò Òṣòdì, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn kan àfi èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni wọ́n máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Àwọn nọ́ńbà fóònù náà wà níbẹ̀. Nílé wa, méjì-méjì la máa ń pè wọ́n, ní Faransé. Níbí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jù síta bí ẹni ń ju àgbàdo fún adìyẹ. Ọkùnrin kan ní "dọ́bù fáìfù," mo kọ fáìfù kan, mo ń retí nọ́ńbà tó ń jẹ́ dọ́bù. Ó wo ìwé mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ yìí, ilé-ìwé wo lo lọ?" Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò fi gba nọ́ńbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń na fóònù mi sí wọn ni pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn.

Ìyá mi máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ó máa ń béèrè ohun mẹ́ta: ṣé mo jẹun, ṣé mo sùn, ṣé àwọn tí mo ń bá gbé mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ òótọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ní ayọ̀ kékeré kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní bí ọdún kan sẹ́yìn, bàbá kan dá mi dúró ní abẹ́ afárá Òṣòdì, ó ní níbo ni wọ́n ti ń wọkọ̀ Ìsọlọ̀. Mo nawọ́ hàn án. Mo dúró wò ó títí ó fi wọkọ̀, mo sì gbọ́ tí ẹni tó ń pe èrò pe Ìsọlọ̀, kí ó lè dá mi lójú pé n kò ṣì í lọ́nà. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan rò pé mo mọ ibi tí mo wà, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe nìyí. Nínú ilé kékeré kan ní Ire-Akari, àwa márùn-ún ń kọ kóòdù sínú àpótí tí àwọn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Ọ̀gá wa ni Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ọmọ Èkìtì, ẹni tí kì í pariwo. Òun ni ó kọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kí èmi tó wọlé ẹ̀kọ́ gíga.

Nọ́ńbà ńlá kì í gba inú wáyà kọjá lódindi. A máa ń gé e sí ẹyọ-ẹyọ tí à ń pè ní báìtì, wọn a sì tẹ̀lé ara wọn. Ìbéèrè kan ló wà: èwo ló ń ṣíwájú, èyí tó wúwo jù, ìyẹn èyí tó dúró fún iye tó tóbi jù, tàbí èyí tó fúyẹ́ jù? Kò sí èyí tó sàn ju èkejì. Nílé wa, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Bí a bá ń lọ oko, ọmọdé ni wọ́n ń tì síwájú, kí àgbà lè máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í jà sí i, nítorí pé olúkúlùkù mọ ibi tó wà. Ewu ń bẹ níbi tí ẹnì kan bá rò pé inú ilé làwọn wà, tí ẹnì kejì sì rò pé ojú ọ̀nà oko ni.

Àdéhùn tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì ní kí èyí tó fúyẹ́ ṣíwájú. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lórí tábìlì wa ń ronú bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn àpótí wa àtijọ́ ń ronú bẹ́ẹ̀. Àpótí tuntun tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi rí rà ń fi èyí tó wúwo ṣíwájú. Nítorí náà, nọ́ńbà yòówù tó bá ti inú wáyà wọ inú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nígbà tí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ àpótí tuntun yìí, mo rí i pé apá tí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi kọ, èyí tó ń ka nọ́ńbà láti inú wáyà, kì í yí ohunkóhun. Kò yani lẹ́nu; ní ìgbà tirẹ̀ kò sí ohun tó yẹ ní yíyí. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí láti sọ fún un. N kò sọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, a kì í sọ fún àgbà pé ó gbàgbé nǹkan. A máa ń bá a ṣe é ni, a ó sì dákẹ́. Ìdí kejì tún wà, tí kò dára tó ìyẹn: ẹni tó bá ń tọ́ka sí àṣìṣe ẹlòmíràn, ojú á yí sí i, èmi kò sì fẹ́ ojú. Mo yí nọ́ńbà náà nínú apá tèmi. Mo dán an wò lórí àpótí tuntun kan ṣoṣo tí a ní, ó ṣiṣẹ́. Ilé àyẹ̀wò nílò rẹ̀ kíákíá, a sì gbé àpótí yẹn gan-an fún wọn. Fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ti lọ bá oníbàárà kan ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Èmi ni mo máa dá lọ. Bí mo ṣe ń kó kọ̀ǹpútà mi, Àǹtí Rónkẹ́ fa kọ́là ẹ̀wù mi tó ti ká gún.

"Má gbé ojú yìí dé ọ̀dọ̀ wọn o," ló sọ. "Wọ́n á rò pé ìwọ lo jí ìsàlẹ̀ àwòrán."

Ní ẹnu ọ̀nà ilé àyẹ̀wò náà, sẹkúríítì na ìwé àlejò sí mi. Orúkọ, àkókò, ibi tí o ti wá. Mo kọ Ìmẹ̀kọ. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ síkáànì, Mista Ògúnlẹ́yẹ, mú mi wọ yàrá rẹ̀. Ó fi àwòrán kan hàn mí. Ikùn ènìyàn ni, bí ìgbà tí a bá fi ọ̀bẹ gé iṣu ní ìbú. Ìlà tín-ínrín kan hàn lókè, gbogbo ìyókù ṣú bí ojú kànga.

Ó ṣàlàyé ohun tó wà ńlẹ̀ láìgbé ohùn sókè. Bí ẹ̀rọ síkáànì bá ti rán àwòrán sínú àpótí wa, tí àpótí sì dá a lóhùn pé òun ti gbà á, ẹ̀rọ náà máa ń nu tirẹ̀ kúrò láàárín wákàtí díẹ̀ kí àyè lè wà. Ti àná ti lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà lè padà wá kí wọ́n tún un yà. Ẹnì kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kan ni, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí iṣan inú hàn, kíndìnrín rẹ̀ kò sì lágbára. Wọn kò gbọ́dọ̀ tún gún un láìpẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù mìíràn, oníṣẹ́ abẹ náà sì ti ní òun kò ní fọwọ́ kan ikùn tí òun kò rí inú rẹ̀. Bàbá náà gbọ́dọ̀ kúrò níbí kí aago méjì tó kọjá jù.

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" ni Mista Ògúnlẹ́yẹ bi mí.

Mo ní n kò tíì mọ̀. Mo ní kí wọ́n má ya àwòrán kankan mọ́ títí n ó fi sọ̀rọ̀, kí ohunkóhun má baà gorí ohun tó wà ńlẹ̀. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú.

Wọ́n fún mi ní tábìlì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àpótí wa wà. Bàbá náà wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn lódìkejì mi, aṣọ ìbora lẹ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mútíà ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ títà ló ń ṣe ní Òṣòdì. Bàbá ń wò mí.

"Ẹnjinníà," ló wí, "wọ́n ní ikùn mi sọnù sọ́wọ́ ẹ. Bó o bá rí i, bá mi wò ó bóyá ẹ̀bà àná ṣì wà níbẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ ní kí ó jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn kékeré bi mí bóyá lóòótọ́ ni àwòrán bàbá òun ṣì wà. Mo tún sọ ọ́: "N kò tíì mọ̀, mà."

"Ó dáa tó o sọ bẹ́ẹ̀," ló ní. "Àwọn tó kù ti ń sọ fún mi pé kò sí wàhálà láti àárọ̀." Ó tún aṣọ ìbora bàbá rẹ̀ ṣe. "Ohùn ẹ jọ ti ìyá bàbá mi. Níbo lo ti wá?"

"Ìmẹ̀kọ, mà."

"Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí mi sí. Agbo ilé wo?"

Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni pé iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn. Mo ń rò ó pé bí àwòrán bàbá rẹ̀ bá ti bàjẹ́, obìnrin yìí á pe ọlọ́pàá, yóò sì tún sọ pé ẹni tó bà á jẹ́ kò mọ agbo ilé ara rẹ̀.

Ibi tí mo tẹjú mọ́ ni mo ti rí i. Ìwọ̀n fáìlì kan nínú àwòrán bàbá náà wà níwájú mi, ó sì pọ̀ ju gbogbo ohun tí díìsì àpótí náà lè gbà lọ. Fáìlì kò lè tóbi ju ilé tó ń gbé lọ, àfi bí ó bá jẹ́ pé àlàfo ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìpín-ìpín ni àwòrán máa ń wọlé, nọ́ńbà kan sì ń sọ ipò tí ìpín kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí. Mo wá ibi tí ìpín kejì àwòrán náà jókòó sí. Ó yẹ kí ó wà ní ipò 65,536. Ó wà ní ipò 1,099,511,627,776. Mo gé nọ́ńbà méjèèjì sí báìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ lórí ìwé, mo to wọ́n sórí ara wọn. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú ló kẹ́yìn.

Ìpín àkọ́kọ́ nìkan ló wà ní ipò rẹ̀, nítorí pé òdo ni nọ́ńbà tirẹ̀, òdo kò sì ní iwájú tàbí ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí òkè àwòrán fi ń hàn. Ìyókù kò parẹ́. Ó wà lọ́nà jíjìn sí ibi tí wọ́n rán an, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Ṣùgbọ́n mo ti yí nọ́ńbà yẹn. Mo ṣí kóòdù mi, yíyí náà wà níbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà sì ṣì dojú rú, a jẹ́ pé ẹlòmíràn tún yí i. Ẹnì kan péré ló lè fọwọ́ kan apá kejì. Kí n tó lè bi í, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tí mo fi pamọ́ fún un. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, láìṣàlàyé: pé mo rí i pé apá tirẹ̀ kì í yí nọ́ńbà, pé mo yí i nínú tèmi, pé n kò sọ fún un.

Mo gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ níbi tó wà.

"Èmi náà rí i ní Fúráìdè," ni Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi sọ. "Mo yí i. Mo ní kí n má jẹ́ kó o mọ̀ pé orí ìpìlẹ̀ wíwọ́ ni mo ní kó o kọ́lé sí."

Ohun tó yí ní Fúráìdè ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé inú àpótí ilé àyẹ̀wò ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Àǹtí Rónkẹ́ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, nítorí pé ìyẹn nìkan ló kù lórí tábìlì wa. Kọ̀ǹpútà yẹn kò nílò yíyí, kóòdù wa méjèèjì kì í sì í ṣe nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó yege.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi bi mí.

N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?"

Ó rẹ́rìn-ín kúkúrú kan tí kò dùn. Ó ní kí n má yọ ohunkóhun kúrò nínú kóòdù báyìí, kí n kọ́kọ́ kó àwòrán àwọn ènìyàn jáde. Bí mo ṣe fẹ́ pa fóònù, ẹnu mi tún ṣí. Mo ní ohun mìíràn wà tí n kò sọ. Mo sọ ti Kétu, mo sọ ti ìwé mi tó ti kú. Ó ní, "Gbogbo oṣù mẹ́rin?" Ó tún ní, "Kó àwòrán jáde ná." Lẹ́yìn náà ó sọ pé a máa jọ lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé náà. A kò tíì lọ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún wa níbẹ̀.

Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo àwòrán náà sórí díìsì mìíràn kí n tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. Mo kọ kóòdù kékeré tó ń wá ìpín kọ̀ọ̀kan ní ibi jíjìn tó wà, tó ń yí nọ́ńbà ipò rẹ̀ padà, tó sì ń gbé e wá síbi tó yẹ. Mo kọ́kọ́ dán an wò lórí àwòrán tí Mista Ògúnlẹ́yẹ fi ń yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò láràárọ̀, tí kì í ṣe ti ènìyàn kankan. Ó pé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ti bàbá. Ìpín mẹ́sàn-án ló wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ìkẹsàn-án kéré ju àwọn yòókù. Àwòrán igba ó lé mẹ́rìnlá ni. Mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnnì.

Mo kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Iye kan náà. Mista Ògúnlẹ́yẹ fa àga sún mọ́ mi, ó ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ìgbẹ̀yìn. Ó wá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé díìsì wá kí òun kọ wọ́n sí i fún oníṣẹ́ abẹ.

Mútíà dúró lẹ́yìn wa. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé.

"Mà, n kì í ṣe ará Ìmẹ̀kọ. Kétu ni, lódìkejì ibodè."

"Mo mọ̀," ló ní. "Ọmọ Ìmẹ̀kọ ì bá ti bi mí ní agbo ilé tèmi padà."

Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà mi, òun á jẹ́ kí n gbọ́ bí iṣẹ́ abẹ náà bá ṣe lọ. Mo pè é fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Bàbá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bí ẹ̀bà náà ṣe jẹ́. Mo ní n kò mọ àwòrán kà, sà. Dókítà ló mọ̀ ọ́n kà. Ó ní ìdáhùn yẹn kò dùn, ṣùgbọ́n òun gbà á.

N kò gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn títí di òní. Ó lè jẹ́ pé ohun gbogbo lọ dáadáa tí wọ́n sì gbàgbé. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ronú láti pe Mista Ògúnlẹ́yẹ, mo gbé fóònù, mo sì gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí mo ń jáde, sẹkúríítì tún na ìwé àlejò sí mi kí n kọ àkókò tí mo jáde. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo ìlà tí mo kọ láàárọ̀. Mo fa ìlà sí Ìmẹ̀kọ nínú, mo kọ Kétu sókè rẹ̀. Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á, ó ní, "Ẹ̀ bá ti wọkọ̀ Mile 12 tààrà." Mo ní rárá, Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ ni. Ó mi orí, ó pa ìwé dé.

Wọ́n ti gbé bàbá sínú ọkọ̀. Mútíà jókòó níwájú, díìsì náà wà nínú ọ̀rá lórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo dúró ní ẹnu géètì. Ọkọ̀ náà dúró fún tírélà kan kó kọjá, ó tan iná ọwọ́ ọ̀tún, ó sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ibi tó ti sọ pé òun ń lọ.